"Fall off", "fall out", "fall over": èwo gan-an ni kí n kọ sínú ríkọ́ọ̀dù?

Àdùkẹ́Leeds
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará, ẹ kú làálàá. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó oṣù àti físà la máa ń sọ jù níbí ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí lónìí, gírámà fẹ́ sọ mí di ẹni yẹ̀yẹ́. Oṣù kẹrin mi rèé nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Èmi tí mo gba B3 nínú English ní WAEC, èmi tí wọ́n máa ń pè síwájú kí n wá ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ kéékèèké tí kò ju lẹ́tà méjì mẹ́ta lọ ló wá ń dójú tì mí.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá màmá kan ṣubú lóru, èmi ni mo bá a nílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé "she came down from the bed and fell down". Nọ́ọ̀sì tó gbaṣẹ́ láàárọ̀ kà á, ó ní èwo nínú méjèèjì, ṣé ó ti dìde dúró kó tó ṣubú ni àbí orí bẹ́ẹ̀dì ló ti já bọ́? Mo ní ó jọ pé orí bẹ́ẹ̀dì ni. Ó ní "oh, so she fell out of bed", ló bá fagi lé tèmi. Mo wá ń rò ó lọ nínú bọ́ọ̀sì, "out" kẹ̀? Ṣé inú àpótí ni màmá sùn sí ni?

Ìyẹn nìkan kọ́ o. Bàbá kan jẹ oúnjẹ àárọ̀ tán, wọ́n bi mí pé "did he bring anything up?", mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó mú ọ̀pá rẹ̀ àti ìwé ìròyìn gòkè. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, àṣé bóyá bàbá bì ni wọ́n ń bèèrè. Ọjọ́ kejì mo sọ fún màníjà pé "I'm coming", mo kọ ẹ̀yìn sí i mo gba kíṣìnì lọ, obìnrin náà dúró ó ń wò mí bíi pé orí mi ti yí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí, báwo lẹ ṣe mọ "in", "out", "off", "up", "over" yìí yàtọ̀ síra? Ṣé àkọ́sórí ni àbí ọgbọ́n kan wà ńbẹ̀?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú
Hahahaha "ó mú ọ̀pá gòkè". Sistá ẹ má bínú, mo rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀gá mi bojú wò mí. Àkọ́sórí ni jàre, kò sí ọgbọ́n kankan ńbẹ̀, àwọn Òyìnbó fúnra wọn ò mọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Tísà_Ọ̀yọ́
Ọmọ Ìjẹ̀bú, má ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní English láti ọdún 2003, ọgbọ́n wà ńbẹ̀, inú Yorùbá tí ẹ ti gbọ́ láti kékeré ló sì wà.

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ wo bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ ìrìn. A máa ń ní ó sáré wọlé, ó tiro jáde, ó yọ́ lọ, ó fò sọ̀kalẹ̀, ó rápálá gòkè. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì la sín pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, èkíní ń sọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń ṣe, èkejì ń sọ ibi tí ara gbà. Òyìnbó kì í sín in bẹ́ẹ̀. Ó fi èkíní sílẹ̀ bó ṣe wà, ó sọ èkejì di ọ̀rọ̀ kékeré kan: "she ran in", "she limped out", "she crept away", "she jumped down", "she crawled up". Nítorí náà "in" yẹn kì í ṣe "ní" tàbí "nínú" tí wọ́n kọ́ wa ní pírámárì, wọlé ni. "Out" ni jáde, "up" ni gòkè, "down" ni sọ̀kalẹ̀, "back" ni padà, "away" ni lọ tàbí kúrò, kódà "nù" tó wà nínú jù ú nù, "away" náà ni, "throw it away".

Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn ọmọ ṣe ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, kí wọ́n wá fi ìka sórí ọ̀rọ̀-ìṣe tó kẹ́yìn. Ìyẹn lọ̀rọ̀ kékeré tí ẹ ń wá. Bó bá wá jẹ́ pé ẹyọ kan péré ni Yorùbá lò, bíi "ó jáde", kò sí ẹni tó máa ru "out" yẹn, Òyìnbó á wá yá "go" tàbí "come" tàbí "get" kó bá a rù ú: "she went out", "she got out".

Ti màmá yín yẹn, ó sọ̀kalẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì lẹ ní lọ́kàn, ẹ wá tú u ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó di "came down from". Ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹni tó dìde kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ni "got out of bed". Tẹ́ ẹ bá ní "came down", wọ́n á rò pé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ti ń bọ̀.

Àdùkẹ́Leeds
Ẹ ṣé gan-an tísà. Ṣùgbọ́n "enter" ńkọ́? Ṣebí òun náà ni wọlé, kí ló dé tí wọ́n fi ní "enter into the room" ò dáa?

Tísà_Ọ̀yọ́
Ìdí ni pé "enter" kì í ṣe ọmọ bíbí inú ilé. Lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1066, èdè Faransé ni àwọn ìjòyè ń sọ fún ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wọn ló sì wá dúró sínú English, "enter", "return", "descend", "arrive", "pass". Faransé kì í sábà fi ọ̀rọ̀ kékeré sọ ọ̀nà tí ara gbà, inú ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an ló ń kó o sí, bíi wọlé tiwa. "Enter" ti ní "into" nínú, "return" ti ní "back" nínú, ìdí nìyẹn tí "return back" fi dà bí ẹni wọ ṣòkòtò méjì lé ara wọn. Lẹ́tà ìjọba àti ríkọ́ọ̀dù ilé ẹjọ́ ni wọ́n ti ń wúlò jù, nínú ilé "go in", "come back", "get there" lẹ máa gbọ́. "Enter into" wà lóòótọ́ o, ṣùgbọ́n àdéhùn ni wọ́n ń fi wọnú ẹ̀, "enter into an agreement", kì í ṣe yàrá. "Arrive" ń ṣe tiẹ̀ lọ́tọ̀, òun ṣì ń bèèrè "at" tàbí "in": "arrive at the station", "arrive in Leeds", ẹ má sọ "arrive to". "Home" sì rèé, kì í fẹ́ "to" rárá, "go home", "come home", ó parí.

Dírẹ́fàBọ́ọ̀sì_Peckham
Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà ní London, ẹ jẹ́ n dá tèmi sí i. "Wọ ọkọ̀" ni Yorùbá ń sọ fún gbogbo ẹ̀, wọ mọ́tò, wọ bọ́ọ̀sì, wọ ọkọ̀ ojú irin, wọ bààlúù, a ò yà wọ́n sọ́tọ̀, ìdí nìyẹn tá a fi ń sọ "enter bus". Àwọn yà wọ́n sọ́tọ̀. Bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ ojú irin, bààlúù, ọkọ̀ ojú omi ńlá, "get on" àti "get off". Mọ́tò àti tákísì, "get in" àti "get out of". Bí mo ṣe ń rántí ẹ̀ ni pé èyí tó o bá lè nàró kó o sì máa rìn kiri nínú ẹ̀, "on" ni, èyí tó o gbọ́dọ̀ tẹrí ba wọ̀ kó o sì jókòó lójú ẹsẹ̀, "in" ni. Ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ ológeere, "on" náà ni torí pé ńṣe lo gùn ún, ẹṣin bẹ́ẹ̀ náà.

Ti "drop" tún wà. Ní Èkó a máa ń pariwo "ó wà o!" kóńdọ́ á gbá ara ọkọ̀, tá a bá sì fẹ́ ṣe bí ọ̀mọ̀wé a óò ní "I want to drop". Níbí ẹlòmíì ló ń "drop you off", ìwọ fúnra ẹ, "get off" ni. Ọmọ wa kan ló wọ ọkọ̀ mi lọ́jọ́ kan, ó ní "please I want to drop here", ìyá Òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ sáré na ọwọ́ láti dì í mú, ó rò pé ó fẹ́ dákú ni.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú
Bàbá, lift ńkọ́? Mo lè nàró nínú lift o.

Dírẹ́fàBọ́ọ̀sì_Peckham
O lè nàró, ṣé o lè rìn kiri? "In" ni. Jẹ́ n simi.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú
Ẹ má bínú sà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ jà fún "I'm coming". Gbogbo Nàìjíríà ló ń sọ ọ́ a sì ń gbọ́ ara wa yé, kí ló wá burú ńbẹ̀, ṣé àwọn nìkan ló ni English ni?

Tísà_Ọ̀yọ́
Kò burú ní Nàìjíríà, èmi náà ń sọ ọ́ nílé. Mò ń bọ̀ la tú. Bọ̀ tiwa ti ní pípadà nínú, tí mo bá ní mò ń bọ̀ tí mo sì kọ ẹ̀yìn sí ọ, o mọ̀ pé mi ò ní pẹ́ dé. "Come" ò ní ìyẹn nínú, ibi tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tàbí ẹni tó ń gbọ́ wà ló ń lọ tààrà. Torí náà tí màníjà bá pè yín látòkèèrè, "I'm coming" dáa, ẹsẹ̀ yín ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀, "I'll be right back" tàbí "back in a minute". "Bring" àti "take" náà ń tẹ̀ lé e, mú wá àti mú lọ ni, kò yẹ kí ìyẹn da Yorùbá láàmú.

Mọ̀míÌbejì_Croydon
Ohun tó dà mí láàmú jù nígbà tí mo dé ni ibi tí "it" àti "her" máa ń jókòó sí. Ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́fà ló ń tún mi ṣe níwájú àwọn èèyàn, "Mummy, take it off, not take off it". Ìgbà tó yá ni mo rí i pé Yorùbá gan-an nìyẹn: gbé e sílẹ̀, "put it down". Mú u padà, "take it back". Kó wọn wọlé, "bring them in". Tú u ká, "take it apart". Àárín ló máa ń bọ́ sí nínú èdè méjèèjì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú máa lò ó lójoojúmọ́, "turn her over", "sit him up", "help her up". Tó bá jẹ́ orúkọ nǹkan gangan lẹ pè, wọ́n gbà yín láyè ibi méjèèjì, "take off your shoes", "take your shoes off".

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń là sí méjì o. Bọ́ọ̀sì tí bàbá sọ, "get off it" ni, èèyàn ò lè ní "get it off". Tísà ẹ bá wa sọ ìdí.

Tísà_Ọ̀yọ́
Iṣẹ́ méjì ni ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ń ṣe. Nígbà míì ọ̀rọ̀-atọ́kùn ni, ó di orúkọ tó tẹ̀ lé e mú, wọn ò ṣeé yà. Nígbà míì ọ̀rọ̀-àpọ́nlé ni, ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń bá rìn, ó sì lè sún kúrò fún ẹlòmíì. Àpẹẹrẹ tí àwa tísà fẹ́ràn ni "he ran up the hill", ó sáré gun òkè, àti "he ran up the bill", ó jẹ gbèsè jọ. Ẹ fi "it" rọ́pò, ọ̀kan á di "ran up it", èkejì á di "ran it up". Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìrìn gidi, ẹ ṣáà bi ara yín pé ta ló ń kúrò níbi tó wà. Tó bá jẹ́ nǹkan náà ló ń kúrò, bíi bàtà tí ẹ bọ́, àárín ni "it" máa wà. Tó bá jẹ́ èèyàn ló ń rìn tí nǹkan náà dúró síbi tó wà, bíi òkè tàbí bọ́ọ̀sì, ẹ̀yìn pátápátá ni.

NikẹHouston
Ẹ tún fi sọ́kàn pé "up" àti "down" kì í ṣe òkè àti ilẹ̀ nígbà gbogbo o. Aládùúgbò mi á ní òun ń lọ "down the road", ilẹ̀ ibẹ̀ sì tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ní Manhattan, "uptown" ni ìhà àríwá, "downtown" ni gúúsù. Èmi ò bá wọn jà, ṣebí àwa náà ń sọ Òkè Ọya, wọ́n sì ń pe èmi ní ará òkè òkun, ṣé orí igi ni mò ń gbé?

Dírẹ́fàBọ́ọ̀sì_Peckham
Lójú irin níbí, ọ̀nà tó ń lọ sí London ni wọ́n ń pè ní "up", èyí tó ń kúrò ní London ni "down", ì báà jẹ́ Scotland tó wà lókè nínú máàpù lẹ ń lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn èèyàn, àríwá ni "up", "up to Leeds". Ẹ má dà á rò púpọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ìlọrin
Ẹ kú ìjókòó o. Ẹnu iṣẹ́ òru ni mo ti dé báyìí, ojú mi ń kún fún oorun ṣùgbọ́n mi ò lè ka èyí kí n kọjá lọ. Sistá mi Àdùkẹ́, ti ìṣubú yẹn kì í ṣe gírámà lásán, ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni dókítà fi ń mọ ibi tó yẹ kí òun kọ́kọ́ yẹ̀ wò lára aláìsàn.

"Fell over", ẹni náà ń rìn tàbí ó dúró, ẹsẹ̀ yẹ̀ ẹ́ tàbí ó kọ nǹkan, ó ṣubú síbi tó wà. "Fell off", ó wà lórí nǹkan, àga tàbí àkàbà, ó já bọ́. "Fell out of", nǹkan náà ká a mọ́, ó bọ́ jáde kúrò nínú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì bọ́ síbẹ̀ torí pé lójú Òyìnbó ẹni tó sùn wà láàárín aṣọ ìbora, "in bed" ni wọ́n ń sọ, wheelchair náà bọ́ síbẹ̀ torí ó ní apá lọ́tùn-ún lósì. "Slid off the chair", ńṣe ló yọ̀ díẹ̀díẹ̀ tí ìdí ẹ̀ kọ́kọ́ kanlẹ̀. "Fell down the stairs", ó yí gbirigbiri lórí àtẹ̀gùn, ẹ má fi ìyẹn ṣeré rárá. Ní Yorùbá a lè ní ó ṣubú fún gbogbo ẹ̀ ká wá fi àlàyé tẹ̀ lé e, àwọn kó àlàyé yẹn sínú ọ̀rọ̀ kan.

Ṣùgbọ́n mo tún ka ohun tẹ́ ẹ kọ. Ẹ ní ẹ BÁ màmá nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ṣé ó ṣojú yín? Tí kò bá ṣojú yín, kò sí "off", kò sí "out", kò sí "over" nínú ẹ̀. "Found on the floor beside the bed" lẹ máa kọ, ẹ kọ aago, ẹ kọ bó ṣe nà sílẹ̀, ẹ kọ ohun tó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ, ẹ wá fi "unwitnessed fall" sí i. Nọ́ọ̀sì tó fagi lé tiyín, English ẹ̀ já gaara ju tiyín lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí òun náà ò rí ló kọ, ó sì ka "ó jọ pé" tẹ́ ẹ sọ sí òótọ́. Bóyá màmá tiẹ̀ ti lọ sí tọ́lẹ́ẹ̀tì tó ń padà bọ̀ ni, ta ló mọ̀?

Àwọn yòókù tẹ́ ẹ máa gbọ́ lẹ́nu iṣẹ́ rèé kí n tó sùn. "Brought up his breakfast", ó bi oúnjẹ àárọ̀. "Can't keep anything down", nǹkan ò dúró nínú ẹ̀. "Gone off her food", oúnjẹ ò wù ú jẹ mọ́. "Passed out" dákú ni, "passed away" kú ni, ẹ dákun ẹ má gbé ọ̀kan sípò èkejì níwájú àwọn ọmọ aláìsàn. "Has she come round?" kì í ṣe bóyá ó ti dé, bóyá ó ti sojí ni.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú
Kí ẹ fi "the alarm went off" kún un. Èmi rò pé ó kú ni, bí iná NEPA, àṣé ó DÚN ni. Mo jókòó mò ń mu tíì mi, gbogbo èèyàn ń sáré kọjá lára mi.

Àdùkẹ́Leeds
Nọ́ọ̀sì, ẹ ti là mí lójú. Kò ṣojú mi rárá. Nígbà tí mo jókòó tì í nílẹ̀ tí à ń dúró de àwọn tó máa gbé e, ó ní òun ń lọ ṣílẹ̀kùn fún ọkọ òun, pé ó ti pẹ́ tó ti ń kànkùn nínú òtútù. Ọkọ ẹ̀ ti kú tipẹ́. Mi ò kọ ọ́ torí mo rò pé ọ̀rọ̀ arúgbó lásán ni.

Nọ́ọ̀sì_Ìlọrin
Ẹ ò rí nǹkan! Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti dìde, ó ti ń lọ sí ẹnu ọ̀nà, a jẹ́ pé "fell out of bed" lè má rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́: "she said she was going to the door to let her husband in". "Let him in", ṣílẹ̀kùn kó wọlé, "in" tísà náà nìyẹn. Wọ́n máa fẹ́ mọ̀ pé ó ń dìde lóru, kí wọ́n lè máa yọjú sí i lásìkò yẹn. Ó dàárọ̀ o, tàbí kí n ní ó dalẹ́.

Àdùkẹ́Leeds
Ẹ ṣé, ẹ sùn dáadáa mà. Mo ti sọ ọ́ fún màníjà, ó ní kí n kọ àfikún kí n sì buwọ́ lù ú. Ó wá fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ báyìí pé "can you pop in tomorrow at ten?" Ọ̀la ni ọjọ́ ìsinmi mi. Ẹ̀yin ará, kí ni "pop in"?

Tísà_Ọ̀yọ́
Ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, "in", wọlé. "Pop" ni pé kò ní pẹ́. Ẹ yà wọlé díẹ̀, ẹ yọjú.

Dírẹ́fàBọ́ọ̀sì_Peckham
Ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó máa san owó wákàtí yẹn kí ẹ tó yọjú.